Ohun Tó Ń Wọ Ẹnu Kathiresan

Ìpè náà wọlé ní aago méje kọjá díẹ̀, Poongodi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìdílì, oúnjẹ ìrẹsì tí wọ́n ń fi ooru omi sè, kaná ni. Sísítà Filomina ló pè, nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún ní ilé ìwòsàn ńlá ìjọba. Kò ráyè kí i dáadáa. Ó ní èsì ẹ̀jẹ̀ tí àwọn gbà lára ọkọ rẹ̀, Kathiresan, lánàá ti dé, pé oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lé ní ìlọ́po méjì iye tó yẹ, pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń ráhùn. Kí wọ́n má fún un ní ti aago mẹ́jọ. Kí wọ́n kó gbogbo oògùn tó wà nílé, èyí tí wọ́n ti ṣí àti èyí tí wọn ò tíì ṣí, kí wọ́n máa bọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn sì dun Poongodi ju igbe lọ.

"Poongodi, ṣé kì í ṣe ìlọ́po méjì lo ń fún un?"

Poongodi ní rárá o. Ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀, Rakkammal, sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí atẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí oògùn yìí jẹ́. Oṣù keje rèé tí àwọn dókítà ti gbé ọkàn ẹni tí mọ́tò gbá sí àyà Kathiresan, nítorí ti òun fúnra rẹ̀ ti rẹ̀, kò lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́. Ara èèyàn kì í gba irú àlejò bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, yóò gbéjà ko ọkàn tuntun náà títí yóò fi pa á. Kápúsù kékeré kan ló ń pẹ̀tù sí i nínú, aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Poongodi sọ kápúsù náà ní onílàjà. Bó bá kéré jù, ìjà dé. Bó bá pọ̀ jù, ọwọ́ á máa gbọ̀n, orí á máa fọ́, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àárín kéré jù àti pọ̀ jù yẹn ni Poongodi ti ń gbé láti oṣù méje, kò tíì ráyè sùn yó lọ́jọ́ kan.

Rakkammal kò bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀wà tó wà lórí atẹ ló ń bá wí.

"Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu."

Ó gbé atẹ sílẹ̀, ó mú fóònù tirẹ̀, ó sì pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, Sornam, ní Kumbakonam. Ó ní kó wọ bọ́ọ̀sì báyìí báyìí, kó wá gbé àbúrò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí wọ́n tó fi oògùn pa á sí Chennai. Poongodi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí iná. Láti Kumbakonam dé ilé ìwòsàn tó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ yẹn wò, odindi ọjọ́ kan ni. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé ọkọ òun dé ọ̀hún, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbé e padà, kò sì dájú pé á jókòó bọ̀.

Ẹ má bi mí léèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ìyàwó ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Níbi tí à ń gbé yìí, bí ìrẹsì bá jóná, ìyàwó ni. Bí òjò ò bá rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yọjú sí ilé ìdáná kí wọ́n tó wòkè. Ó ti ń bí mi nínú tipẹ́, kì í ṣe òní.

Poongodi da onílàjà sórí àwo irin, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí ìwé tó máa ń fi gègé sàmì sí ní gbogbo ìgbà tó bá fún un, ó ka àmì ibẹ̀ náà. Méjèèjì bára mu. Ó gbé e lọ bá ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn, ó ní, "Ẹ gbọ́, ẹ bá mi kà á." Kathiresan gbìyànjú láti mú kápúsù kan, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ọwọ́ yẹn ti ń gbọ̀n, ọwọ́ tó ti fi ọdún mẹ́tàlá kun ọkọ̀ ojú irin láìjẹ́ kí ọ̀dà kán sílẹ̀. Ó fi ojú kà á. Ó ní ó pé. Rakkammal dáhùn láti ìta pé ẹni tó mọ oògùn kà á mọ bí wọ́n ṣe ń mú kó pé.

Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń jáde lọ sí ilé ìwòsàn, Jeyakodi ti dúró dè wọ́n, obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀, tí etí rẹ̀ kì í di. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkàn náà ló ń béèrè fún ilé rẹ̀ àtijọ́. Àwọn ará àdúgbò wa kò tíì yéé ronú sí ọ̀rọ̀ ọkàn yìí. Ìgbà kan wà tí Kathiresan, tí kì í jẹ ẹja gbígbẹ tẹ́lẹ̀, ní kí wọ́n wá ẹja gbígbẹ fún òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo òpópónà ti fẹnu kò pé apẹja ni olóògbé. Òmíràn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, àbí ìyàwó olóògbé ló kù tó ń wù ú. Poongodi kò ní agbára ẹ̀rín láàárọ̀ yẹn. Ó bẹ Jeyakodi pé kó bá òun gbé kòkò òun sórí ìlà, nítorí tánkà omi máa dé ní aago kan, òun ò sì ní sí nílé. Jeyakodi gbà, ó ní àmọ́ kòkò mẹ́ta péré lòun á lè gbé gòkè, nítorí ẹ̀yìn òun.

Ní ilé ìwòsàn, Sísítà Filomina ka oògùn, ó wo ìwé, ó tún un kà. Ó gbójú sókè, ó wo Poongodi bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì láìlanu. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi í: láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá jí títí tó fi sùn, kí ló ń wọ ẹnu rẹ̀? Poongodi kà á jáde. Kọfí tí wàrà rẹ̀ hó dáadáa. Ìdílì gbígbóná. Omi tí òun sè. Ìrẹsì oníwàrà lọ́sàn-án, wàrà tí òun sè fúnra òun lóru àná, kì í ṣe ti ọjà. Ẹ̀fọ́ tó jinná. Kò sí èso tí wọn ò bó. Kò sí oúnjẹ àná. Ṣé ó ń mu àgbo? Rárá. Ṣé ó ń jẹ gírépù? Rárá.

Irọ́ kọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n Poongodi kò rí gírépù rí láyé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tú wọn sílẹ̀ ní oṣù méje sẹ́yìn ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún un pé kó má fún un ní gírépù, ó sì ní òun ti gbọ́. Bóyá ẹ̀yin á ti béèrè kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Poongodi dúró níwájú tábìlì, ọgọ́ta èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà, nọ́ọ̀sì ò tíì jẹun láti àárọ̀, ọkọ rẹ̀ sì jókòó nínú kẹ̀kẹ́ arọ pẹ̀lú àpá tuntun láti ọrùn dé ikùn. Ó ní òun ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń dáhùn níbẹ̀, àwọn tó ń béèrè sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gbọ́.

Sísítà yíjú sí Rakkammal. "Amma, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò fún un ní nǹkan kan?"

"Ọmọ mi ò jẹ nǹkan kan lẹ́yìn ohun tí ìyàwó rẹ̀ sè." Ìyá náà gbà á gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ yẹ̀.

Dókítà náà jáde wá, ọkùnrin kan tí kì í pariwo. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó yé gbogbo wọn. Ó ní, "Bí mo bá dín oògùn yìí kù, tí ohun tó ń gbé e sókè bá wá lọ fúnra rẹ̀ lọ́la, oògùn á já wálẹ̀, ara á dìde sí ọkàn. Bí mi ò bá dín in kù, kíndìnrín á lọ. Ẹ bá mi wá ohun náà. Kí n gbọ́ kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́." Àwọn mẹ́ta ló dúró níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Poongodi nìkan ni dókítà ń wò.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ márúwá padà sílé. Kathiresan di ìbòmú rẹ̀ mú lójú, ó ń wo ojú títì. Poongodi ń da ọ̀rọ̀ náà rò nínú ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kí ló yí padà? Oògùn ò yí padà. Omi ò yí padà. Ohun kan ṣoṣo ló rántí, ó sì jẹ́ ohun ayọ̀: ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Oṣù mẹ́fà gbáko ni oúnjẹ fi ń kọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, tó máa fọwọ́ kàn án, tó máa ta á nù. Lọ́jọ́ kan ṣáá ló bá a pé àwo mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Murugan, òrìṣà tí wọ́n ń sìn, ó jó igi òórùn dídùn méjì, kò sì béèrè ohunkóhun. Ta ní ń wádìí ayọ̀?

Ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró níwájú Kasim Bai tó ń ta èso ní ìkóríta. Rakkammal ní ṣé àkókò ọsàn jíjẹ lèyí. Poongodi yọrí síta.

"Bai, kí ni wọ́n ń pè ní gírépù?"

Kasim Bai rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tà á, àwọn olówó ní apá gúúsù ìlú ni wọ́n ń rà á. Òun rí i lẹ́ẹ̀kan. Ó dà bí ọsàn tó sanra jù, èèpo rẹ̀ nípọn, àmọ́ bí èèyàn bá fi sẹ́nu, ìkorò kan wà nísàlẹ̀ ìkan rẹ̀ tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ó ní kò yé òun ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Poongodi dúpẹ́. Kẹ̀kẹ́ ń lọ, ó ṣì ń wojú Kasim Bai.

Aago mẹ́ta ti lù kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Lójoojúmọ́, ní àkókò tí Kathiresan bá ń jẹ ìrẹsì oníwàrà rẹ̀, Poongodi wà lórí ìlà omi, ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń bu oúnjẹ. Lọ́jọ́ yẹn ó wà nílé. Ó jókòó sí igun yàrá, ó fa ẹsẹ̀ mọ́ra, ó pinnu pé ohunkóhun tó bá wọ ẹnu ọkùnrin yìí lónìí, ojú òun ló máa kọ́kọ́ kàn.

Rakkammal bu ìrẹsì. Ó na ọwọ́ sókè pẹpẹ, ó gbé ìṣà amọ̀ kékeré kan sílẹ̀, ó mú ègé dúdú méjì tó ti rún bí awọ bàtà jáde, ó fi wọ́n sí etí àwo. Kò bojú wẹ̀yìn. Kò sí ohun tó ń fi pamọ́. Nartangai, irú ọsàn kíkan kan, tí wọ́n fi iyọ̀ pa, tí wọ́n sá sórí òrùlé títí oòrùn fi jẹ ẹ́ dúdú ni. Ní ilẹ̀ Tamil, kò sí aláìsàn tí wọn kì í fún. Ibà ni o, ìbímọ ni o, bí ẹnu bá kọ oúnjẹ, nartangai ló ń ṣí i. Wọ́n fún Poongodi náà nígbà tí ibà jẹ̀fun-jẹ̀fun mú un lọ́dún tó wọlé ọkọ. Ìṣà yẹn wà lórí pẹpẹ láti ọjọ́ tó ti dé ilé yìí, ó ti nù ún lára bí ẹgbẹ̀rún ìgbà.

Ó dìde. Ó ṣe ohun tí ìyàwó kì í ṣe nílé wa: ó na ọwọ́ sínú àwo ọkọ rẹ̀ tó ń jẹun lọ́wọ́, ó mú ègé kan, ó gé e jẹ. Iyọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ìkan tẹ̀ lé e. Ó dúró. Lẹ́yìn náà ni ìkorò náà jáde nísàlẹ̀, kò sì lọ.

"Attai," ó pe ìyá ọkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, "ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní nartangai?"

"Ìgbà tí oúnjẹ rẹ ò wọ ọmọ mi lẹ́nu mọ́ ni."

"Ṣé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

Rakkammal ní ó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló kan ọ̀sẹ̀, ṣé nartangai náà ti di oògùn ni, ṣé oúnjẹ sì ni, ohun tí èèyàn kàn fi ń la ẹnu. Poongodi ti ń tẹ fóònù. Ó ṣàlàyé fún Sísítà Filomina, ègé méjì lójoojúmọ́, lọ́sàn-án, bí ọjọ́ méjìlélógún.

"Ìyá mi náà ní ìṣà kan nílé," ni Sísítà sọ. Ó ní kó má fi kan ẹnu mọ́, kí òun lọ bá dókítà.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi pè padà. Dókítà ní bóyá ohun náà nìyẹn, ó jọ ọ́ gan-an, nítorí ẹbí kan náà ni nartangai àti gírépù, irú wọn kì í jẹ́ kí ara tètè lo oògùn náà tán, ó kàn ń gbára jọ ni. Kí wọ́n fo onílàjà ti alẹ́ yìí, kí wọ́n fún un ní àwọn oògùn mìíràn tó kù, kí wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ ní kùtùkùtù ọ̀la. Bó bá jẹ́ nartangai ni, oògùn inú ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, kíndìnrín náà á rí ara gbà, òun ò sì ní dín oògùn kù ju bó ṣe yẹ lọ. Sísítà wá fi kún un, bí ẹni tí ẹ̀rí-ọkàn ń dà láàmú, pé ó kúkú wà nínú ìwé tí àwọn fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, ìlà kọkànlá, gírépù àti gbogbo ẹbí rẹ̀.

Poongodi gbé fóònù sílẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Òun náà mọ òwe yẹn, ó wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí, ó gbé e mì. Rakkammal ti jókòó sílẹ̀, ó gbé ìṣà náà lé ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Kò sunkún. Ó ní nígbà tí bàbá Kathiresan ń ṣàìsàn tó pa á, nartangai nìkan ṣoṣo ló ń wọ ọ́ lẹ́nu, pé ìyá òun ló kọ́ òun.

Sornam dé bí aago márùn-ún ti ń lù, báàgì lọ́wọ́, eruku ọ̀nà lára. Poongodi dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó jọ̀ọ́ fọ ọwọ́, kó wọ ìbòmú kó tó wọlé. Sornam fọ ọwọ́ bí ẹni ń fọ ìbínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ kí ìbòmú tó dé imú rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń fi ojú àbúrò òun rí, pé òun wá gbé e lọ.

"Èmi ni," Rakkammal sọ láti ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ni kí ni, Amma?"

"Èmi ni mò ń fún un ní ohun tó ń pa á. Nartangai ni. Oògùn tí ìyàwó rẹ̀ ń fún un pé."

Sornam dúró. Ẹ ò bá rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ìṣà, ó wá yí padà wo Poongodi.

"Nígbà tí Amma ń fún un, ìwọ níbo lo wà?"

Jeyakodi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí àtẹ̀gùn pẹ̀lú kòkò omi kẹta ní ìbàdí. Ó gbọ́ ìbéèrè náà. Ó gbé kòkò kalẹ̀ gbàmù, omi ta sí ẹsẹ̀ Sornam, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Kathiresan ló wá lanu, ọkùnrin tí kò tíì sọ gbólóhùn márùn-ún láti àárọ̀.

"Akka, ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu mi ló jẹ ẹ́. Mi ò ní lọ síbì kankan. Ẹ jókòó."

Sornam jókòó. Rakkammal sún ìṣà náà jìnnà sí ara rẹ̀, ó ní níbo ni ìwé tí nọ́ọ̀sì yẹn ń sọ wà. Poongodi lọ sẹ́yìn àwòrán Murugan, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ìwé tó ṣe pàtàkì sí, ó fà á jáde, ewé ìwé méjì tí wọ́n fi irin kékeré so pọ̀. Eérú mímọ́ ti dà sí i lára. Ó gbé e fún ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá náà dá a padà fún un.

"Kà á fún mi," Rakkammal sọ. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Bí àgbàlagbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan ló fi sọ ọ́. "Gbogbo ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Rọra kà á, kó lè yé mi."

Poongodi wo ìwé náà.

"Attai, Gẹ̀ẹ́sì ni. Mi ò gbọ́ ọ."

Rakkammal wo Sornam. Sornam wo ìlẹ̀kùn. Kathiresan mọ Tamil kà dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ kò ju nọ́ńbà àti lẹ́tà tó máa ń kùn sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú irin lọ. Oṣù méje. Ohun tí Poongodi gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú tábìlì yẹn, tó sì há sórí, ni gbogbo ilé fi ń tọ́jú ọkàn náà. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó lè ka ìwé náà, ní ilé ìwòsàn tàbí nílé.

Rakkammal gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ iwájú rẹ̀ wò, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé bóyá òun á rí àwòrán kan níbẹ̀, àwòrán èso kan, ohunkóhun. Kò rí.

"Ta ni wọ́n wá kọ ọ́ fún?" ó béèrè.